Eyín Ọkọ̀ Láwuyì àti Òkè Ọdún

"A kì í torí òkè ọdún yan eyín ọkọ̀." Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti wá? Bí ẹ bá gba agbègbè Ìṣẹ́yìn kọjá, tí ẹ jókòó níbi tí àwọn àgbà ti ń gba ẹnìkan nímọ̀ràn, ẹ ó gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ń pa á, wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ tí ọmọge kan pa á fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí bàtà gogoro tó fẹ́ rà, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà, mo mọ ọkọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ pa á, mo sì wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ẹni tí kò bá mọ gbòǹgbò rẹ̀, kó fara balẹ̀ gbọ́.

Aràròmí-Òkè ni ìlú wa. Orí òkè ni àwọn baba wa kọ́kọ́ tẹ̀dó sí nígbà ogun. Ìgbà tí ogun rọlẹ̀ ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, lọ́dọọdún, bí a bá ti ta ewé tábà tán, gbogbo ìlú á gun òkè padà lọ kí ahoro. Ọdún Òkè là ń pè é. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń gùn ún láyé àtijọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dé, tí wọ́n sì la ọ̀nà ọlọ́dà gba ẹ̀gbẹ́ òkè, àwọn tó ní ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ gùn ún, kò sì pẹ́ tó fi di àṣà. Àwọn obìnrin á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á máa fetí sí ohùn ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá gùn ún dókè láìjẹ́ pé wọ́n fi jíà kìíní wọ́ ọ, wọ́n á ki ọlọ́kọ̀ ní oríkì baba rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ jíà kìíní ló wọ́ ọ dókè, olúwa rẹ̀ gbé lọ́jọ́ náà. Orin ni wọ́n á fi lé e gòkè, orin náà ni wọ́n á fi lé e sọ̀ kalẹ̀:

"Ẹsẹ̀ lásán ni baba wa fi gùn ún o,
Ọkọ̀ rẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Ìyà kékeré kọ́ ni orin yìí. Mo mọ ọkùnrin kan tó kó lọ sí Ṣakí nítorí rẹ̀, kò sì padà wálé títí tó fi ta ọkọ̀ náà.

Láwuyì ni ọkọ ọ̀rẹ́ mi, Ibídún. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni èmi àti Ibídún ti ń ṣe tíṣà. Láwuyì ń bá ilé iṣẹ́ tábà kan ṣiṣẹ́ ní Ìṣẹ́yìn, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ọdún kẹjọ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn nìyí, oyún mẹ́ta ló sì ti wálẹ̀ lára Ibídún. Nígbà tí ó ní ìkẹrin, dókítà kan ní Ìbàdàn ṣàlàyé fún wọn pé ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ ló máa ń tètè ṣí. Dókítà náà fi òwú rán an pa, ó sì kìlọ̀ fún wọn gidigidi. Ó ní bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbé e wá bá òun kíákíá kí òun tú òwú náà, kí ó má ju wákàtí méjì lọ. Bí ọmọ bá ń tì, tí òwú sì di ẹnu ọ̀nà mú, ilé ọmọ á fàya. Wọ́n ti ṣètò pé bí oyún bá ti wọ oṣù kẹsàn-án, Ibídún á lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àmọ́ ta ló mọ ọjọ́ tí ọmọ máa yàn? Àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló wà nítòsí wa nígbà náà, wọ́n sì ti sọ gbangba pé àwọn ò ní fọwọ́ kan òwú dókítà.

Ìdí tí Láwuyì fi ra ọkọ̀ nìyí. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sílé, ó ń ta ọkọ̀ eré kan, pupa, onílẹ̀kùn méjì, tó kúrú sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí ọba. Àwọn ènìyàn ń bi í pé kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ eré ṣe, ṣé ó fẹ́ lọ bá àwọn òyìnbó díje ni? Máìlì márùndínláàádọ́rùn-ún ni ìlú wa sí Ìbàdàn. Ó wa ọkọ̀ náà débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ló fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà dé, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó fi oríkì pè é, ó ní, "Àṣàbí, ọkàn mi ti balẹ̀." Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ eré yìí náà ló ń wà lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń wà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì fi ń kó iṣu wálé láti oko.

Ọdún Òkè wá dé, oyún ti wọ oṣù kẹfà. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ń ṣe é: a ó gun òkè lọ́jọ́ kìíní, a ó tún gùn ún lọ́jọ́ kẹjọ kí á tó tú ká. Lọ́jọ́ kìíní, Láwuyì kó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kọjú sí òkè. Kò dé ìdajì ọ̀nà tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fà á sí jíà kejì, ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Ó fà á sí jíà kìíní, ó ń wọ́ bí ìgbín, òórùn jíjó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ògbólógbòó tó kó àga àwọn àgbà wá yà á sílẹ̀, ó kọjá lọ. Háà! Àwọn obìnrin rí ohun tí wọ́n ń wá.

Èmi ni mo lé orin. Mo ní ohùn nígbà yẹn, mo sì fẹ́ràn kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ ìdí tí ọkùnrin yìí fi ra ọkọ̀, mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo ẹni tó tò sí ọ̀nà lọ, mo sì kọrin náà títí ohùn mi fi há.

Ní ọjọ́ kejì, Láwuyì wa ọkọ̀ lọ bá Ráímì, mẹkáníìkì tó ń bá a tún un ṣe ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín bí Ráímì ṣe ṣàlàyé fún èmi náà lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán. Nídìí ọkọ̀, láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, irin roboto méjì ló wà níbẹ̀ tó léyín, kékeré kan, ńlá kan. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí kékeré, kékeré ń yí ńlá, ńlá ń yí táyà. Bí iye eyín wọn bá jẹ́ kí kékeré yí lẹ́ẹ̀mẹta kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á máa gbé ẹsẹ̀ gígùn. Á sáré dáadáa lọ́nà tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì á sì máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n òkè á ni ín lára. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kékeré gbọ́dọ̀ yí, ẹsẹ̀ kéékèèké ni ọkọ̀ á máa gbé, bí ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà tó bá ń pọ́n òkè. Kò sí òkè tí kò ní gùn. Àmọ́ tó bá dé ọ̀nà tó tẹ́jú, tí o ní kó sáré, ẹ́ńjìnnì á máa yí kíkankíkan, á máa ké, á máa gbóná. Ẹni tó bá sì lé eku méjì á pòfo, kò sí mẹkáníìkì tó lè fi méjèèjì fún ènìyàn nínú ọkọ̀ kan.

Onímẹ́ta ló wà nídìí ọkọ̀ òyìnbó náà. Ráímì gbé onímẹ́rin àti onímárùn-ún kalẹ̀ níwájú Láwuyì, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní:

"Ọ̀gá Láwuyì, níbo ni ọkọ̀ yìí ń lọ?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tójú mi rí lánàá ni? Òkè ni mo fẹ́ kó gùn."

"Mo gbọ́. Òkè yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń gùn ún lọ́dún?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ìbàdàn wá ńkọ́?"

Láwuyì na ọwọ́ sí onímárùn-ún, ó gbé e wò.

"Tó bá jẹ́ tèmi ni," Ráímì ní, "n ò ní fọwọ́ kan èyí tó wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orin àwọn obìnrin bá ń dùn yín wọra, ẹ mú ti àárín yìí. Ó máa gun òkè díẹ̀, ó máa sáré díẹ̀."

"Ṣé á gùn ún láìlo jíà kìíní?"

"N ò lè búra."

"Ẹ fi onímárùn-ún sí i. Bí ọdún bá ti kọjá, mo máa wá, kí ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà."

Ráímì mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Àmọ́ kí ẹ tó dá a padà, ẹ má jẹ́ kó kọjá àádọ́ta máìlì ní wákàtí kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì pẹ́, ẹ́ńjìnnì á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Nígbà tí Ibídún gbọ́, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ torí ẹ̀ ra ọkọ̀ yìí?" Láwuyì ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni, pé olóyún oṣù mẹ́fà kò ní í bímọ lọ́la. Ọmọ tí ilé rẹ̀ kọ́ ni Ibídún, kì í bá ọkọ rẹ̀ jiyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọkọ̀ pupa náà gun òkè bí ewúrẹ́. Jíà kẹta ló fi bẹ̀rẹ̀, jíà kejì ló fi dé òkè, a ò tilẹ̀ gbúròó kìíní. Àwọn obìnrin kan náà tó fi orin lé e ló ki í ní oríkì dé orí ahoro, èmi náà ni mo sì ń gbè é. Olóyè méjì ní kí ó wá fi ọkọ̀ gbé àwọn gòkè. Láwuyì ń rẹ́rìn-ín, n kò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ó máa ń ṣe mí bí kí n bú sẹ́kún.

Ìyìn a máa pa ni ju èébú lọ, wọn kì í sì í sọ fún ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Láwuyì ní àlejò olóyè kan fẹ́ rí ahoro, òun fẹ́ gbé e gòkè ná. Ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò rí àwáwí kankan wí mọ́. Ó kàn ń fi ọkọ̀ náà yangàn ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti kúrú, ó sì ti mọ́ òun fúnra rẹ̀ lára, bó ṣe ń rọra lọ sí Ìṣẹ́yìn tó ń rọra bọ̀. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà ni Ibídún kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní oyún ti ń wọ oṣù kẹjọ, kí ó jọ̀wọ́ lọ bá Ráímì. Láwuyì gbà. Wọ́n fi sí ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́rú ni ìrọbí mú un.

Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, ó fọwọ́ ti ògiri, ó ní, "Fẹ́yìn, omi ti tú." Mo rán akẹ́kọ̀ọ́ kan sí Láwuyì tó wà lóko tábà ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dé. Aago méjìlá ọ̀sán kọjá díẹ̀ la gbéra. Ibídún jókòó níwájú, èmi ká sí ibi tóóró tó wà lẹ́yìn, orúnkún mi kan àyà mi. Mo rántí pé mo sọ fún un pé, "Má bẹ̀rù, ọkọ̀ eré mà ni."

Títí a fi kọjá Ìṣẹ́yìn, Láwuyì kò jẹ́ kó kọjá àádọ́ta. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Ọ̀nà gbọọrọ tó lọ sí Mọ́níyà ṣófo níwájú wa, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó dá bíi pé torí ọkọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe là á, bó ṣe wà nígbà tí òyìnbó tà á. Ibídún ké. Láwuyì tẹ̀ ẹ́ dé ọgọ́ta. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ dé àádọ́rin. Ẹ́ńjìnnì ń han gooro débi pé n kò gbọ́ igbe Ibídún mọ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo rí tó là. Òórùn ọ́ìlì gbígbóná kún inú ọkọ̀.

Mo fọwọ́ kan èjìká Láwuyì, mo kígbe sí i létí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Ibídún yí ojú sí mi, ó sì yí i sí ọkọ rẹ̀. Mo kà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ má rọra."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí nǹkan fi dún gbàù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Irin kan nínú ẹ́ńjìnnì já, ó lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde, ọ́ìlì sì tú sílẹ̀ lẹ́yìn wa bí ẹni da epo. Ọkọ̀ yí lọ díẹ̀, ó dúró. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí ó bá jẹ́ eyín ti tẹ́lẹ̀ ló wà nídìí ọkọ̀ yẹn, à bá ti máa gbúròó Ìbàdàn lákòókò náà.

Láwuyì dúró sáàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Kò sí ọkọ̀. Ó sáré lọ síwájú, ó sáré padà. Èmi tẹ́ ìró mi sí abẹ́ igi, mo gbé Ibídún lé e. Ó di ọwọ́ mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára, kò sọ ohunkóhun ju orúkọ Ọlọ́run lọ. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ kan tó kó pákó tó yọ, ọkọ̀ arúgbó tí kò lè yára. Awakọ̀ náà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, kí Ọlọ́run bá wa san án fún un. Aago mẹ́rin ń lọ lù nígbà tí a dé ilé ìwòsàn.

Ilé ọmọ ti fàya. Dókítà yọ ọ́ pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀ kí Ibídún má baà kú. Obìnrin ni ọmọ náà, irun kún orí rẹ̀ dúdú. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n gbé e fún Láwuyì, ó sì gbé e bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tó ń sùn. Ó bi dókítà pé, "Bí a bá dé ní aago kan àbọ̀ ńkọ́?" Dókítà ní kí ó lọ sinmi ná. Láwuyì tún bi í. Dókítà ní, "Ẹ̀ bá gbé àwọn méjèèjì lọ sílé."

Ibídún kò bínú sí i. Bí ó bá bú u, bóyá ara ì bá tu ọkùnrin náà. Oṣù kejì lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Láwuyì ń bẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ibídún ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Òkè yẹn ṣá, ẹ gùn ún." Kò sí ìkanra nínú ohùn rẹ̀. Láwuyì dìde, ó jáde, n kò sì gbọ́ kí ó rẹ́rìn-ín sókè mọ́ títí tó fi kúrò láyé. Èmi pẹ̀lú wá ọ̀nà láti sọ fún Ibídún pé orin mi ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Nígbà tí Ọdún Òkè mìíràn ń bọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ lọ bá Ráímì, ó ní kí ó fi onímárùn-ún sídìí rẹ̀ fún òun kí òun lè gun òkè. Ráímì ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "A kì í torí òkè ọdún yan eyín ọkọ̀," ó sì wọlé lọ, kò jáde títí ọmọ náà fi lọ. Àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó ń sọ, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibùdókọ̀, láti ibùdókọ̀ ó dé ọjà, láti ọjà ó dé ẹnu àwọn àgbà.

Nísinsìnyí, àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó fẹ́ torí ọjọ́ kan ba ọjọ́ gbogbo jẹ́: ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó nítorí bí yóò ṣe rí lójú àwọn ènìyàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá tó ń ta oko tí wọ́n ń jẹ láti fi ṣe òkú tí ìlú á ròyìn, ẹni tó mọ ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìyìn tàbí ẹ̀sín àwọn tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú un gbàgbé. Ìgbà tí àtúnṣe ṣì wà ni wọ́n ń pa á. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán, wọn kì í pa á mọ́. Wọ́n á kàn jókòó ti olúwa rẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́.